Ọjọ́ Tí A Lè Kà Síwájú Tí A Sì Lè Kà Sẹ́yìn: Kí Ni Ó Kan Ìgbàgbọ́ Wa?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 2022, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tẹjú mọ́ kàlẹ́ńdà pẹ̀lú ìyanu. Bí a bá kọ déètì ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ wa, kí ọjọ́ ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọdún sì kẹ́yìn, 22/02/2022 ni yóò jẹ́. Bí a bá tún kà á láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, nọ́ńbà kan náà ni a óò bá pàdé. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 2, oṣù Kejì, ọdún 2020, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú: 02/02/2020. Èyí tí ó tún ń bọ̀ ni 03/02/2030, ọjọ́ Ìsinmi ni òun náà yóò sì bọ́ sí.

Bí ó bá jẹ́ pé ìyanu lásán ni, a kì bá tí fi ọ̀rọ̀ náà gba àkókò ẹ̀yin olùkà wa ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọjọ́ wọ̀nyí dé, oríṣìíríṣìí àtẹ̀jíṣẹ́ ni ó wọlé sí ọ́fíìsì ìròyìn ìjọ. Àwọn kan ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò tún ní wáyé mọ́ títí ayé, nítorí náà kí a tètè fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí ìbùkún má baà fò wá dá. Àwọn kan ní kí á mú ọrẹ àkànṣe wá, kí iye owó náà sì bá nọ́ńbà ọjọ́ náà mu. Àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó béèrè bóyá àlùfáà lè so wọ́n pọ̀ ní àárín ọ̀sẹ̀ nítorí déètì nìkan. Àwọn ìyá ọkọ mìíràn sì fẹ́ mọ̀ bóyá kò ní burú bí dókítà bá fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ inú ìyàwó jáde ní ọjọ́ náà gan-an, kí ọmọ lè wá sáyé pẹ̀lú àmì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó opó, oyún inú ìyàwó àti ìgbàgbọ́ ọmọ ìjọ, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kí ọdún 2030 tó dé bá wa.

Bí ìṣirò rẹ̀ ti rí

Kò sí awo kankan nínú bí àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ṣe ń wáyé. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni ó wà nínú déètì: méjì fún ọjọ́, méjì fún oṣù, mẹ́rin fún ọdún. Kí déètì tó lè dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn, nọ́ńbà ọdún tí a yí padà ni yóò di ọjọ́ àti oṣù. Bí a bá yí 2022 padà, ó di 2202, èyí tí í ṣe ọjọ́ 22, oṣù 02. Bí a bá yí 2030 padà, ó di 0302, èyí tí í ṣe ọjọ́ 3, oṣù 02. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé 20 ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọdún tí a wà nínú wọn yìí, 02 ni yóò máa gbẹ̀yìn bí a bá yí wọn padà. Ìdí nìyí tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fi ń bọ́ sí oṣù Kejì nígbà gbogbo ní ọ̀rúndún tiwa yìí.

Ẹni tí ó bá jókòó ti ìwé àti gègé yóò rí i pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n nínú ọ̀rúndún yìí, bẹ̀rẹ̀ láti 10/02/2001 títí dé 29/02/2092. Kò sí ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì tí kò ní gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 29 pàápàá yóò gba tirẹ̀, nítorí pé ọdún 2092 wà lára àwọn ọdún tí oṣù Kejì máa ń ní ọjọ́ 29. Ọdún 2003 kò ní ọ̀kankan nítorí pé oṣù Kejì kò ní ọjọ́ 30. Lẹ́yìn 2092, 10/12/2101 ni yóò kàn.

Ṣáájú ọdún 2001, èyí tí ó kẹ́yìn wáyé ní 29/11/1192. Ohun tí ó mú kí ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́jọ láìsí irú rẹ̀ kò ju pé bí a bá yí àwọn ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 12 títí dé 19 padà, oṣù 21, 31, títí dé 91 ni wọn yóò fún wa, kò sì sí ọdún tí ó ní ju oṣù méjìlá lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó kọ̀wé pé 22/02/2022 ni ọ̀kan ṣoṣo irú rẹ̀ kò sọ òtítọ́. Ìkẹjọ ni ó jẹ́ nínú ọ̀rúndún yìí, ìkeje sì ti kọjá ní ọdún kan ṣáájú, ní 12/02/2021. Òtítọ́ ni pé 22/02/2022 fúnra rẹ̀ kò ní padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n 23/02/2022 tí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú kò ní padà wá, kò sì sí ẹni tí ó gba ààwẹ̀ nítorí tirẹ̀.

Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́ ni 02/02/2020. Ìbáà jẹ́ ọjọ́ ni a fi ṣáájú, ìbáà jẹ́ oṣù, ìbáà jẹ́ ọdún, bákan náà ni ó ń dọ́gba. Irú rẹ̀ tí ó wáyé kẹ́yìn ṣáájú rẹ̀ ni 11/11/1111, ní ọdún 909 sẹ́yìn nígbà náà. Èyí tí yóò tẹ̀ lé e ni 12/12/2121. Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n ọdún ni, ọjọ́ 333 ni ó sì kù kí ọdún 2020 parí. Ó dára láti mọ̀, ó sì dùn mọ́ni nínú.

Ta ni ó kọ déètì náà?

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́ nígbà tí ó bá ń kọ déètì, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Lójú tirẹ̀, 02/22/2022 ni ọjọ́ tí à ń sọ yìí, kò sì dọ́gba rárá bí a bá kà á láti ẹ̀yìn. Àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Peckham rí àmì. Òun kò rí nǹkan kan. Àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáánì ń fi ọdún ṣáájú, àwọn náà kò rí i. Ṣé ẹni tí ó ń gbé ní Houston ni ìbùkún fò dá ni, àbí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ wa ní bí a ṣe ń kọ déètì ni ìbùkún wà?

Iye ọdún tí à ń kà pàápàá, ènìyàn ni ó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ọdún 525 ni ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan tí ń jẹ́ Dionysius Exiguus gbé ìlànà kíka ọdún láti ìgbà ìbí Olúwa wa kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn sì gbà pé ọba Hẹ́rọ́dù kú ní ọdún 4 ṣáájú ibi tí Dionysius ti bẹ̀rẹ̀ sí kà. Bí a ti bí Jésù kí Hẹ́rọ́dù tó kú, gẹ́gẹ́ bí ìwé Mátíù ti fi hàn, a jẹ́ pé ìṣirò náà ti fi ọdún díẹ̀ gbẹ̀yìn òtítọ́. Ní ọdún 1582, Póòpù Gregory Kẹtàlá tún kàlẹ́ńdà ṣe: ọjọ́ 15 ni wọ́n jí sí lẹ́yìn ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba àtúnṣe náà títí di ọdún 1752, nígbà tí ọjọ́ 14 tẹ̀ lé ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ tí ó parẹ́ nínú ìwé wọ̀nyẹn kò parẹ́ nínú ayé ẹnikẹ́ni. Oòrùn ń là, ó sì ń wọ̀ bí ó ti máa ń ṣe.

Àwọn ará wa nínú ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ilẹ̀ Etiópíà, tí ìgbàgbọ́ wọn ti pẹ́ ju tiwa lọ fíìfíì, wà ní ọjọ́ 15, oṣù Yekatit, ọdún 2014 nígbà tí àwa wà ní 22/02/2022. Àwọn Júù wà ní ọdún 5782. Àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa wà nínú oṣù Rajab, ọdún 1443. Olúwa kan náà ni ó jí gbogbo wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn baba wa náà fún ọjọ́ ní orúkọ tí ó ní ìtumọ̀. Nígbà tí 22/02/2022 bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn oníwàásù kan rí i bí ẹ̀rí pé ìṣẹ́gun ìlọ́po méjì ti dé. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ọjọ́ bá ń pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, kí ni a óò ti ṣe ti Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì? Ọmọ ń yọ nínú ìdánwò ní Ọjọ́rú, oníṣòwò sì ń jèrè ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì ni a kan Olúwa wa mọ́ àgbélébùú, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ìràpadà sì parí.

Ohun tí àwọn ọjọ́ náà gbé wá

Bí a bá ṣí ìwé ìtàn, a óò rí i pé àwọn ọjọ́ tí ó dọ́gba wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí ọjọ́ yòókù. Ní òru ọjọ́ 20/02/2002, iná sọ nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Káírò lọ sí apá gúúsù ilẹ̀ Íjíbítì, nítòsí ìlú El Ayyat. Àwọn tí ó kún inú rẹ̀ ń lọ sílé láti lọ ṣe ọdún Iléyá; ènìyàn tí ó ju 360 lọ ni ó kú. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní 11/02/2011, ní ilẹ̀ Íjíbítì kan náà, Ààrẹ Hosni Mubarak, tí ó ti wà lórí àlééfà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, fi ipò sílẹ̀ lẹ́yìn ìwọ́de ọjọ́ méjìdínlógún, ayọ̀ sì ṣubú lu ayọ̀ ní gbàgede Tahrir. Ilẹ̀ kan náà ni, irú déètì kan náà ni; ọ̀kan mú ẹkún wá, èkejì mú ijó. Wáyà iná tàbí gáàsì ìdáná kò ka kàlẹ́ńdà kí ó tó ṣọṣẹ́, àwọn tí ó dúró ní gbàgede kò sì bá nọ́ńbà jà. Ìjọba ni wọ́n bá wí.

Ẹ wo 02/02/2020 tí gbogbo ayé ń yọ̀ mọ́. Ọjọ́ náà ni orílẹ̀-èdè Philippines kéde pé àrùn Kòrónà ti pa ènìyàn kan ní ilẹ̀ wọn, ikú àkọ́kọ́ tí a gbọ́ lẹ́yìn odi ilẹ̀ Ṣáínà. Àjọ ìlera àgbáyé ti fi igbe ta ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní i ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé. Nígbà tí ọdún Àjíǹde sì dé ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ilé ìsìn púpọ̀ ni ó wà ní títì pa. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún ní oṣù Kejì pé ọdún ìlọ́po ìlọ́po ni, kí ni ó rò nípa Ọlọ́run ní oṣù Kẹrin?

Bẹ́ẹ̀ náà ni 22/02/2022. Ọjọ́ náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ilẹ̀ Rọ́ṣíà fún Ààrẹ Putin láṣẹ láti lo ọmọ ogun lẹ́yìn odi ìlú wọn. Ní ọjọ́ kejì sí i, ọjọ́ 24, ogun wọ ilẹ̀ Ukraine, àwọn ọmọ wa tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ sì ń sá gba ẹnu ibodè Póláńdì àti Ròmáníà nínú òtútù.

A kò sọ èyí láti fi hàn pé ọjọ́ burúkú ni wọ́n. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti ṣubú sínú kòtò kan náà láti apá kejì. Ohun tí à ń sọ ni pé nọ́ńbà kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ì báà ṣe sí rere, ì báà ṣe sí búburú.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ fi kọ́ wa

Àwọn àgbà wa ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ìbẹ̀rù ọ̀la kì í ṣe ohun tuntun. Ènìyàn fẹ́ ohun tí ó lè dì mú, tí yóò fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó wá sínú ìjọ, tí a sì fi kàlẹ́ńdà lé e lọ́wọ́ kí ó máa fi wo iṣẹ́, kí ni a ṣe fún un?

Ìwé Ẹ́sítérì, orí kẹta, sọ ìtàn ẹni tí ó wá ọjọ́ ire. Hámánì mú kí wọ́n ṣẹ́ kèké níwájú rẹ̀, láti ọjọ́ dé ọjọ́ àti láti oṣù dé oṣù, kí ó lè mọ ọjọ́ tí yóò rọrùn láti pa àwọn Júù run. Kèké mú oṣù kejìlá, oṣù Ádárì. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Ọlọ́run yí i padà mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn tí ó yẹ kí ó kú ni ó ṣẹ́gun. Láti ara kèké náà ni àwọn Júù ti fún àjọ̀dún Púrímù ní orúkọ, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Ọjọ́ tí a fi kèké yàn kò gba Hámánì.

Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Gálátíà, ní orí kẹrin, pé ẹ̀rù wọn ń ba òun nítorí bí wọ́n ti ń kíyè sí ọjọ́ àti oṣù àti àkókò àti ọdún. Olúwa wa fúnra rẹ̀ sì sọ fún àwọn àpọ́sítélì, ní orí kìíní ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, pé mímọ àkókò kì í ṣe tiwọn; iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni ó fi lé wọn lọ́wọ́.

Àwọn kan tilẹ̀ ń mú orí àti ẹsẹ̀ Bíbélì bá déètì mu. Ní ọjọ́ 22/02/2022, ìwàásù lórí Àìsáyà 22:22, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé Dáfídì, kò lóǹkà. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, kò sì sí ọjọ́ tí kò yẹ láti wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n wòlíì Àìsáyà kò kọ nọ́ńbà kankan sínú ìwé rẹ̀. Stephen Langton, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury ní ọdún 1207, ni a mọ̀ mọ́ pípín Bíbélì sí orí bí a ti ń lò ó lónìí. Robert Estienne, òǹtẹ̀wé ará Faransé, ni ó tẹ Májẹ̀mú Tuntun tí ó pín sí ẹsẹ̀ ní ọdún 1551. Kí á lè tètè rí ibi tí a ń wá ni wọ́n ṣe ṣe é.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Kristẹni kò gbọdọ̀ ní ọjọ́ tí ó ń pa mọ́. Ìjọ ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni à ń ṣe. Ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1864 kò dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn, síbẹ̀ ọjọ́ náà ni a fi Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a ti kó lẹ́rú rí, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1993 kò ní àrà kankan nínú nọ́ńbà rẹ̀. Ìbò tí àwọn ènìyàn dì ní ọjọ́ náà ni ó mú kí ó di ohun ìrántí ní orílẹ̀-èdè wa.

Nínú èdè wa pàápàá, bí a bá kọ ọ̀rọ̀ náà “ọmọ” sílẹ̀, bí a ti ń kà á síwájú ni à ń kà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sí òbí tí ó gbójú lé lẹ́tà mẹ́ta yìí kí ọmọ rẹ̀ tó yanjú. Ẹ̀kọ́ ilé ni a fi ń tọ́ ọ.

Kí ọdún 2030 tó dé

Ọjọ́ Ìsinmi ni 03/02/2030 yóò jẹ́, ilé ìsìn yóò sì kún. Ó yẹ kí ẹ̀yin àlùfáà àti olùṣọ́-àgùntàn wa ti mọ ohun tí ẹ óò sọ nígbà tí ọmọ ìjọ bá béèrè.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí á so ọrẹ mọ́ nọ́ńbà. Opó tí ó yá owó nítorí kí iye ọrẹ rẹ̀ lè bá déètì mu yóò san gbèsè náà padà ní àwọn ọjọ́ tí kò ní àrà kankan.

Èkejì, ẹ dá ọ̀rọ̀ oyún dá dókítà àti agbẹ̀bí. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi yé wa pé ọmọ tí a bá fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 39, láìsí pé ìlera ìyá tàbí ti ọmọ béèrè fún un, a máa ní ìṣòro mímí ju èyí tí ó pé àkókò lọ, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó tán. Kò sí déètì tí ó tó fi irú ewu bẹ́ẹ̀ rà.

Ẹ̀kẹta, tọkọtaya tí ó bá fẹ́ràn déètì kan lè yàn án, bí ẹbí méjèèjì bá gbà, tí ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó sì ti parí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n ṣá ti mọ̀ pé ìfẹ́ àti sùúrù ni yóò gbé ilé náà ró.

Ẹ̀kẹrin, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó bá ń halẹ̀ pé ìbùkún yóò fo ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́ dá, ẹ jẹ́ kí ó parí sí ọwọ́ yín.

Ẹ má sì ṣe ba ayọ̀ àwọn ọmọdé jẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ fún wọn ní gègé àti ìwé, kí wọ́n fúnra wọn wá àwọn ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà. Wọn yóò rí i pé 13/02/2031 ni yóò tẹ̀ lé ti ọdún 2030. Ọlọ́run ni ó fún wa ní làákàyè tí a fi ń rí ètò nínú nọ́ńbà, ìyìn rẹ̀ sì ni bí ọmọ bá yọ̀ nítorí ohun tí ó fi ọpọlọ ara rẹ̀ wá rí.

Ìgbà wa wà ní ọwọ́ Ẹni tí ó dá oòrùn àti òṣùpá. Kí ó kọ́ wa láti lo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ní àrà àti èyí tí kò ní, sí ìyìn orúkọ rẹ̀ àti sí àǹfààní ọmọnìkejì wa, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.